Ìwé Tí Kò Ní Àyè Òfìfo

Àkọ́bí mi,

Obìnrin tó ń kọ́ ẹ̀yin òṣìṣẹ́ bí èèyàn ṣe ń mí, ní ilé iṣẹ́ yín, ti sọ ọ́, ìwọ náà sì dà á kọ fún wa ní lẹ́tà ńláńlá sí ẹ̀yìn páálí tí o kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí wa sí, pé ẹni tó bá ń kọ ọjọ́ ayé rẹ̀ sílẹ̀ ló ni ọjọ́ ayé rẹ̀, àti pé ohunkóhun tí kálàmù bá kọ, ayé kò ní ṣàì gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á fún ìyá rẹ. Mo dìde dúró kà á nígbà kejì, torí ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kéèyàn wà lórí ìjókòó kà á. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé obìnrin náà ní ọkọ nílé. Mo ní n kò mọ̀.

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ilé alájà mẹ́rin tí ẹ ń gbé lókè rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń ṣọ́ wa á máa ṣọ́ àtẹ̀gùn yẹn fún yín, nígbà tí ẹ bá ń gùn ún àti nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní gba ìlera rẹ lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí ojú mi rí lóṣù yìí, ojú tìrẹ kò ní rí i. Àmín.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ewúrẹ́ télọ̀ ti jẹ tòmátì wa tán, ìdí sì nìyẹn tí ìwé ọgbà tí o fi ránṣẹ́ fi parí sí ojú ewé karùn-ún. Mo ti kọ iye ewé tó yọ, mo ti kọ bí òjò ṣe rọ̀ sí, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún mo kọ "ewúrẹ́," mo fa ìlà sí i nídìí, mo pa ìwé dé. Télọ̀ wá bẹ̀ wá, ó ní ewúrẹ́ òun kò mọ̀ pé ọgbà ọ̀mọ̀wé ni. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò sínú garawa kan náà. Ìyá rẹ ṣì wà ní ọsibítù, lórí ibùsùn kejì sí fèrèsé. Ó ń jẹun tí a bá fi ṣíbí sí i lẹ́nu lápá òsì. Apá ọ̀tún kò tíì jí, ẹsẹ̀ náà kò tíì jí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí i lẹ́nu, "bẹ́ẹ̀" ni ọ̀rọ̀ náà. Tó bá fẹ́ omi, bẹ́ẹ̀. Tí dókítà bá bi í pé ta ni bàbá tó jókòó tì í yìí, bẹ́ẹ̀. Lánàá, mo bi í pé ṣé kí n sọ fún ọmọ wa, ó ní bẹ́ẹ̀. Mo ní àbí kí n má sọ fún un, ó ní bẹ́ẹ̀. Mo wá mú ìdáhùn àkọ́kọ́, bí a ti máa ń ṣe nínú ìdánwò, ìyẹn ni mo fi jókòó ti lẹ́tà yìí.

Nígbà tí o pè lánàá ọjọ́ Àìkú, o ń sunkún, o sì ń bínú. O ní ẹni tó dín oògùn ìyá rẹ kù máa fojú ba ilé ẹjọ́, o ní o ti kọ ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá ètò ìlera, ọkọ rẹ ti bá ọ tẹ̀ ẹ́, orúkọ nọ́ọ̀sì náà ló kù kí o fi sí i. O ní, Bàbá, kí lorúkọ rẹ̀? Mo ní n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dàrú. Mo ń pariwo hẹ́lò, hẹ́lò, bí ẹni tó já sí kànga, mo sì pa fóònù. Ọmọ mi, mò ń gbọ́ ọ. Ohùn rẹ mọ́ gaara, bí ẹni pé o wà nínú yàrá.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìwé márùn-ún ni o fi ránṣẹ́. Láyé tèmi, díárì kan ṣoṣo lèèyàn ń ní, gbogbo nǹkan a sì fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀, n kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ yàrá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ti ọpẹ́, kéèyàn máa kọ ohun tó ń dúpẹ́ fún sí i lójúmọ́. Èyí jẹ́ ti àlá, kó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ti ọgbà wà, èyí tí ewúrẹ́ parí. Ti ìrìn-àjò wà. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìlera, òun àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló jọ wá, àyè kékeré kan wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ mú ti ọpẹ́ àti ti àlá, ó ní méjèèjì ni kò ní nọ́ńbà nínú. Mo kó mẹ́ta tó kù. Mo fi rúlà fa ààlà pupa sí gbogbo ojú ewé, mo sì kọ déètì sí wọn títí dé òpin ọdún, kí ọjọ́ kankan má baà bá wa láìmúra.

Ìwé ìrìn-àjò fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí. Ó ń béèrè ibi tí a lọ, oúnjẹ àjèjì tí a tọ́ wò níbẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ìrìn-àjò náà kọ́ ọkàn wa. Láàárín oṣù mẹ́ta, ibi tí a lọ ni ilé ìwòsàn, ilé ìwòsàn àti ilé ìwòsàn. Níbi tí wọ́n kọ oúnjẹ àjèjì sí, mo kọ "oògùn."

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa yìí ni ẹni tí ò ń wá orúkọ rẹ̀. Ẹ-jókòó-dáadáa ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé nìyẹn, àti ìkókó àti arúgbó. Kò ju àbúrò rẹ lọ lọ́jọ́ orí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Ẹtì, ló máa ń yẹ ìwé ìlera ìyá rẹ wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, òtítọ́ ni mo kọ. Láàárọ̀, kí ìyá rẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, màá wé aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lápá, ẹ̀rọ á kùn, á fún un lọ́wọ́, á tú u sílẹ̀, màá sì kọ ohun tó bá sọ. Ohun tó ń sọ kò dáa. Lónìí àádọ́jọ, lọ́la ọgọ́jọ. Nọ́ọ̀sì á wo ìwé, á fajú ro, á ní Màmá, kí lẹ̀ ń jẹ, Màmá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín ṣá? Ìyá rẹ á dorí kodò bí ọmọ tó gba òdo. Tí a bá ń padà bọ̀ nílé, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí a ó fi kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, bátìrì ẹ̀rọ kú. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì fi ìka kan àyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ wá fi àyè sílẹ̀? Ó ní òun kò fẹ́ rí àyè òfìfo nínú ìwé yìí mọ́ o.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bó ti yẹ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ olùkọ́, ìwọ sì mọ díárì tí mo máa ń kọ lórí tábìlì lọ́jọ́ Ẹtì, èyí tí mi ò kì í jẹ́ kí o fọwọ́ kàn. N kò sọ fún ọ rí ohun tí mò ń kọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń kọ. Ohun tí màá kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ yé sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iye ọmọ tó gbà á lọ́jọ́ Ọjọ́rú, gbogbo rẹ̀ á ti wà nílẹ̀ kí Ajé náà tó mọ́. Gbogbo wa là ń ṣe é. Alábẹ̀wò á dé, á jókòó sídìí tábìlì ọ̀gá àgbà, wọ́n á gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀, á sì ṣí díárì wa. Àyè òfìfo ló ń wá. Láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ kíláàsì mi, ẹ̀ẹ̀kejì sì jẹ́ nítorí òjò. Tèmi ló máa ń gbé sókè han àwọn olùkọ́ tuntun. Ó ní ẹ wo díárì. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n ti ọwọ́ mi jáde tí wọn kò lè ka orúkọ ara wọn. Díárì mi kò mọ̀ wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti ìwé ìlera ìyá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Nọ́ńbà yẹn ni nọ́ọ̀sì ti kọ sára ògiri pé ó dára jù. N kò kọ ọ́ bákan náà lójoojúmọ́ ṣá o. Mo ń fi méjì lé e, mo ń yọ méjì kúrò, torí alábẹ̀wò tó bá rí ohun kan náà lọ́jọ́ márùn-ún á fura. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá ti mọ́, màá fi bíró tẹ orí pẹ́ńsù, á wá di òótọ́.

Ìyá rẹ bi mí nígbà kan pé ṣé n kò ní wọn òun mọ́ ni. Mo ní bátìrì ti kú, ṣùgbọ́n kó fọkàn balẹ̀, mo ti mọ bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń rìn. Ó gbà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní nọ́ńbà, lọ́dún tí a fẹ́ra, lórí tábìlì kan náà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí ojú ewé tuntun, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní Màmá, èyí mà dáa o, bó ṣe rí yìí ni mo fẹ́ kó máa rí. Ó gbé ìwé náà sókè han àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ẹ wo ìwé. Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, orí mi wú. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn rí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí dé ilé, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé. Ta ló wá fẹ́ lọ ra bátìrì?

Àti pé páálí rẹ ṣì wà lórí tábìlì, mò ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójoojúmọ́: ohunkóhun tí kálàmù bá kọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ń ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ mi ti gbà á gbọ́.

Nígbà tí ojú ewé mẹ́rin ti rẹwà tẹ̀ léra, nọ́ọ̀sì dín oògùn kù. Ó ní méjì kò yẹ ara tó dá tó báyìí mọ́, kí Màmá máa lo ẹyọ kan. Ohun tí ìwé sọ fún un ló ṣe. Èmi ni mo kọ ìwé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo fi bíró tẹ ti ọjọ́ náà ní aago méje. Méjìdínlọ́gọ́fà lórí ọgọ́rin. Bí aago mẹ́sàn-án ṣe lé díẹ̀, ìyá rẹ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí garawa yí gbirigbiri. Mo rò pé ewúrẹ́ télọ̀ ni, mo pariwo lé e. Nígbà tí mo jáde síta, ó wà nílẹ̀, aṣọ ìbora tútù ti wé e lẹ́sẹ̀, ó ń wò mí. Káfíńtà ló fi ọkọ̀ tó fi ń kó pákó gbé wa dé ọsibítù. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé ìrìn-àjò, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun nìkan ni ojú ewé tí mo kọ láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ọsibítù ní igba ó lé mẹ́rìnlá lórí ọgọ́fà. Ọgọ́fà tí mò ń kọ sókè, ìsàlẹ̀ ni mo bá a.

Dókítà béèrè ìwé ìlera. Ó ṣí i títí, ó ní ìwé yìí mọ́ ju tàwọn lọ, ó ní ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn báyìí, rọpárọsẹ̀ kò yẹ kó dé ilé rẹ̀, àfi kí àwọn wá ìdí mìíràn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ lápá tó kù, tí wọ́n ń wá àìsàn tí mo fi bíró bò mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo tó sọ fún un. Kò bínú. Ó pa ìwé náà dé, ó dá a padà fún mi, ó ní ẹ ṣeun, sà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní sà.

Ti nọ́ọ̀sì ló kù. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó wọkọ̀ wá wo ìyá rẹ, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó jókòó, kò tiẹ̀ jókòó dáadáa. Ó ń ṣí ìwé náà síwá, ó ń ṣí i sẹ́yìn, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí ààlà pupa mi, ó ní Bàbá, èmi ni mo dín in kù, èmi ni. Èmi wà lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú fìlà dání. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá a ní ilé ìwòsàn láti sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní Bàbá, ẹ jókòó dáadáa, ó fún mi lómi. Mo mu omi, mo sì padà sílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwé méjèèjì tí ìyá rẹ ń kọ. Ti àlá, mo ti kà á tẹ́lẹ̀, tàbí kí n ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo Àbámẹ́ta ló máa ń gbé e wá fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè, bíi ti ọdún tí a fẹ́ra yẹn, màá sì fi bíró pupa fún un ní máàkì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ ọ́ síbẹ̀, nínú oṣù tó kọjá nìkan, pé òun lá àlá pé òun fẹ́ gbé garawa, ọwọ́ ọ̀tún òun kọ̀, kò gbọ́ràn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀kẹta ni mo kọ ọ́ sí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi: "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ti ń gún. Méje nínú mẹ́wàá."

Ti ọpẹ́, n kò fọwọ́ kàn án rí, kì í gbé ìyẹn wá fún máàkì. Ó dúpẹ́ pé o pè. Ó dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ òun kò wú mọ́ láti ìgbà tí oògùn ti di ẹyọ kan. Ó dúpẹ́ pé télọ̀ bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó ku ọ̀la kó ṣubú, ohun tó kọ rèé: "Orí fọ́ mi láti àárọ̀, ojú mi ń ṣú. Mo dúpẹ́ pé ìwé bàbá wọn ní ara mi dá."

Nítorí náà, ọmọ mi, owó kọ́ ni mo fẹ́ tọrọ lọ́tẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọsibítù kò ní ṣàì bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀sùn yẹn ni. Má fi orúkọ ọmọbìnrin yẹn sí i. Tí o bá ti fi ránṣẹ́, jọ̀wọ́, ju lẹ́tà yìí tẹ̀ lé e, kí ó bá a lọ́nà. Tó bá jẹ́ pé ó di dandan kí orúkọ kan wọ àyè tí o fi sílẹ̀ níbẹ̀, o mọ orúkọ bàbá rẹ. Mo fi bébà kábọ́ọ̀nù sábẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí. Awakọ̀ á gbé ti òkè wá fún ọ, èmi fúnra mi á mú ti ìsàlẹ̀ lọ fún nọ́ọ̀sì, torí ẹnu mi ti fi hàn pé kò lè gbé e. Bátìrì kéékèèké mẹ́rin ni kí o tún bá mi fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á níbí. Ìwọ ni kí o fi ránṣẹ́.

Kí ilé rẹ tòrò. Kí àwọn ọmọ rẹ máa sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún ọ, kí etí rẹ sì wà nílẹ̀ láti gbọ́. Kí ọkọ rẹ má mọ nọ́ńbà rẹ lórí. Kí ìyá rẹ rí ọ̀rọ̀ kejì sọ, ohun yòówù kó jẹ́, àní kó jẹ́ èébú.

Bàbá rẹ ni.

Mo tún rántí ohun kan. Ìwé ìlera náà ṣì wà lọ́wọ́ mi níbí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣubú, n kò tẹ bíró mọ́, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ọ̀sẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ sì ni Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí. Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Ó ní ara ìyá rẹ á dá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Rọ́bà ìpàwérẹ́ wà lápò mi. Ṣé kí n pa á rẹ́?